Gìtá Méjì, Orúkọ Kan

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ewì ni mo gbé wá. Ẹjọ́ ni. Mo fẹ́ rò ó fún yín bó ṣe rí, kí ẹ bá mi dá a. Mo ti dá a fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo ìgbà ni mo sì ń jàre. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹjọ́ tí ènìyàn bá ń dá fún ara rẹ̀ tó sì ń jàre nígbà gbogbo, nǹkan kan wà nínú ẹ̀.

Ìbéèrè náà kò gùn. Bí nǹkan méjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí owó wọn dọ́gba, tí orúkọ wọn kò yàtọ̀, tí èmi wá mú èyí tó wù mí, tí mo gbé èkejì fún ọ̀rẹ́ mi, ǹjẹ́ mo rẹ́ ẹ jẹ bí?

Sango-Ota ni mo dàgbà sí. Ẹni tó bá ti gba títì Èkó sí Abẹ́òkúta kọjá rí á mọ ibẹ̀: afárá Sango, ariwo dánfó, àwọn tó ń pe èrò. Bí ènìyàn bá wá yà sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ògiri iléeṣẹ́ ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti eégún. Ṣùgbọ́n ní ti àwa ọmọ ìsinsìnyí, ìlú iléeṣẹ́ la mọ̀ ọ́n sí: iléeṣẹ́ irin, iléeṣẹ́ ike, ti oògùn, ti oúnjẹ. Ní ìdájí, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ máa ń pàdé àwọn tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ lójú ọ̀nà. Ojú àwọn kan kún fún oorun tí wọn ò tíì sùn tán, ojú àwọn kejì kún fún oorun tí wọn ò tíì sùn rárá.

Mi ò ní í dárúkọ ọ̀rẹ́ mi yìí, òun ló ní kí n má dárúkọ òun. Ilé kan náà la gbé, ilẹ̀kùn tiwa kọjú sí tiwọn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa la ti jọ kọ́ gìtá, lórí gìtá ògbólógbòó kan tí okùn rẹ̀ kì í pé mẹ́fà. Kí n má purọ́, ọwọ́ tirẹ̀ yá ju tèmi lọ. Ohun tí mo bá fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́, ìrọ̀lẹ́ kan ló máa fi kọ́ ọ. Bí ẹ̀gbọ́n yẹn bá ta orin jùjú àtijọ́ kan fún wa, ọ̀rẹ́ mi á ti máa wá ibi tí ìka rẹ̀ máa gbà kí orin ọ̀hún tó parí. Gìtá kì í kúkú ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa mọ́. Láti ìgbà tí àwọn atukọ̀ Krú àti àwọn mìíràn ti ń ta á ní etíkun títí dé ìgbà Ayinde Bakare, títí dé ọ̀dọ̀ I.K. Dairo tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE ní ọdún 1963, ó ti di ará ilé. Ebenezer Obey gan-an, Ìdógò ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí ni wọ́n bí i sí ní 1942.

Mo wọ yunifásítì, ọ̀rẹ́ mi kò wọlé. Ó ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì, ó wá lọ gba iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ọpọ́n. Iṣẹ́ òru ni. A jọ ń dá àjọ, iye kan náà lóṣooṣù, fún bí ọdún kan. Nígbà tí owó pé, mo lọ sí Èkó láti lọ ra gìtá méjì, torí pé kò ráàyè kúrò níbi iṣẹ́.

Ẹni tó ń tà á gbé páálí méjì kalẹ̀. Orúkọ kan náà, nọ́ńbà kan náà, àwọ̀ kan náà, láti Ṣáínà. Mo bi í léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò yàtọ̀ síra wọn?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ló máa mú wọn yàtọ̀? Kọ́ńpìnnì kan náà ló ṣe é. Ọ̀kan náà ni wọ́n." Mo san owó, mo gbé wọn bọ́ sínú dánfó. Mo san owó èrò méjì nítorí tiwọn, ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún páálí méjèèjì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tú páálí. Mo yí okùn èkíní títí ó fi bọ́ sí ohùn tó yẹ, mo ta á. Ó dáhùn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ohùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú àpótí ni ohùn ọ̀hún ń gbé, kò fẹ́ jáde. Mo gbé èkejì. Háà! Mi ò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn tí ó ti kún yàrá. Okùn tó nípọn jù lọ dún nínú àyà mi. Èyí tó tín-ín-rín jù lọ dún gbọnrangandan, kò sì ha etí.

Mo ní kó má lọ jẹ́ pé okùn ni. Mo yọ okùn kúrò lára méjèèjì, mo fi ti èkíní há èkejì, mo fi ti èkejì há èkíní. Ó gbà mí ní wákàtí kan ó lé. Ohùn kò bá okùn lọ. Ara igi ló wà.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ọ̀rẹ́ mi ti ibi iṣẹ́ dé. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yin iná. Ó rí gìtá méjèèjì lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fò sókè, ó dì mọ́ mi. Ó ní, "Èwo ni tèmi?"

Mo ní, "Ọ̀kan náà ni wọ́n. Gba èyí." Mo na èkíní sí i.

Ẹjọ́ tí mo ń rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí a bá gba ìsinmi, tí mo bá dé sílé, a máa ń jọ ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú sí ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí mo fi ń ṣe àwòkọ́ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ okùn líle kí ohùn tirẹ̀ náà lè jáde. Bó bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó ni ohùn ń há tó. Lọ́jọ́ kan, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi, ibi tí ike gbígbóná ti jó o. Ó ní, "Iṣẹ́ yìí ti ba ọwọ́ mi jẹ́. Ìwọ náà wò ó, gìtá wa ṣáà jẹ́ ọ̀kan náà. A jẹ́ pé ọwọ́ mi ni." Mo ní kó má ṣèyọnu, pé ọwọ́ á padà bọ̀ sípò. Nígbà tó yá, ó gbé gìtá rẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Eruku bò ó.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ tí mo sọ wò. "Ọ̀kan náà ni wọ́n." Ṣé irọ́ ni? Ẹni tó tà á fún mi sọ ọ́. A kọ ọ́ sára páálí. Owó wọn jẹ́rìí sí i. Bí adájọ́ bá gbé wọn ka orí tábìlì, kò sí ibi tó máa tọ́ka sí pé, "Ibí yìí lo ti rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ jẹ." Àdéhùn wa ni pé kí kálukú ní gìtá kan, irú báyìí. Ó sì ní gìtá kan, irú báyìí. Ibi tí mo máa ń gbà jàre nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá, ó yẹ ká mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí ìgbà tí kọ̀ǹpútà ibi tí wọ́n ti ń bá wa tẹ ìwé ẹgbẹ́ yìí kò ní àmì ohùn, tí a fi ń fi bírò fi àmì sí i kí á tó ṣe fọ́tókọ́pì? Ẹ yọ àmì ohùn kúrò lórí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, kí ẹ wò ó bí wọn ò ní í di ọ̀kan náà. Lẹ́tà kan náà ni, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bákan náà. Síbẹ̀ ọ̀kan ń fẹ́ ìyàwó, ọ̀kan ń ro oko, ọ̀kan ń gbé èrò, ọ̀kan ń pa ènìyàn. Kí ló yà wọ́n? Ohùn ni. Ojú kò lè rí i bí a kò bá kọ ọ́, etí ló mọ̀ ọ́n. Yorùbá kì í sì í da ọ̀rọ̀ wọ̀nyí rú: "jọ," "dọ́gba," "ọ̀kan náà." Ohun méjì lè jọ ara wọn kí wọ́n má dọ́gba. Wọ́n lè dọ́gba lórí òṣùwọ̀n kí wọ́n má jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn àgbà ní ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Wọ́n mọ̀ pé wọn ò lè sin òkú gidi sínú èèpo ẹ̀pà.

Kí ló mú gìtá méjì láti iléeṣẹ́ kan náà yàtọ̀? Mo wádìí ẹ̀. Okùn nìkan kọ́ ló ń fọhùn. Okùn tín-ín-rín kò lè ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀. Bó bá gbọ̀n, á gbé ìgbọ̀n náà fún pátákó kékeré tí wọ́n so ó mọ́, pátákó yẹn á gbé e fún ojú gìtá, ojú gìtá ló máa wá ti afẹ́fẹ́ inú àpótí àti ti ìta. Ojú gìtá yìí kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Síbẹ̀ okùn irin mẹ́fà tí wọ́n fà le máa ń fà á tó ìwọ̀n kílò 70, bí ìgbà tí àgbàlagbà kan bá so rọ̀ mọ́ ọn tọ̀sán-tòru. Ó gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ kó lè kọrin, ó gbọ́dọ̀ lágbára kó má baà ya. Ààrin méjèèjì yìí kéré púpọ̀, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ ń gbà wọlé.

Igi ni nǹkan àkọ́kọ́. Spruce ni wọ́n sábà fi ń ṣe ojú gìtá, igi ilẹ̀ olótùútù ni. Igi méjì kì í dàgbà bákan náà. Kódà pákó méjì tí wọ́n là lára igi kan ṣoṣo lè yàtọ̀: ọ̀kan á fúyẹ́, á sì le, ọ̀kan á wúwo, á sì rọ̀. Ojú àwọn gìtá olówó pọ́ọ́kú sì sábà máa ń jẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mélòó kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Nínú ìyẹn náà, gọ́ọ̀mù lè pọ̀ jù níhìn-ín, kó má tó lọ́hùn-ún. Àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ojú gìtá kí ó má baà tẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn kò bá lẹ̀ dáadáa, ohùn á kú síbẹ̀. Ojú ọjọ́ náà ń dá sí i. Nígbà ọyẹ́, omi á gbẹ lára igi, igi á sún kì. Nígbà òjò, á mu omi, á wú. Páálí tó bá pẹ́ níbi tí oòrùn ń pa, ohun tó máa ti inú rẹ̀ jáde lè má rí bíi ti ẹnìkejì rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lára jù lọ kì í ṣe ti igi. Ti bí wọ́n ṣe ń fá igi ni. Ní iléeṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ ló ń fá ojú gìtá. Wọ́n ti sọ fún ẹ̀rọ pé báyìí ni kó ṣe nípọn mọ, ẹ̀rọ á sì fá gbogbo pákó dé ìwọ̀n yẹn, èyí tó le àti èyí tó rọ̀. Kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n jẹ́. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe gìtá kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Á gbé pákó sétí, á fi ìka kàn án, á fá a díẹ̀, á tún kàn án, títí pákó yẹn á fi dáhùn. Ó lè fi pákó rírọ̀ sílẹ̀ kó nípọn díẹ̀ sí i, kó sì fá èyí tó le kó fẹ́lẹ́ sí i. Ẹ gbọ́ mi o. Ẹ̀rọ fún gbogbo wọn ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà ohùn wọn kò dọ́gba. Oníṣẹ́ ọwọ́ fún kálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀, kí ohùn wọn lè súnmọ́ra.

Àwọn ọmọ Àyàn ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́. Ẹni kan náà lè fi igi òmọ̀ gbẹ́ gángan méjì lọ́jọ́ kan, kó fi awọ ewúrẹ́ bò wọ́n. Onílù tó mọṣẹ́ kò ní í sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n nítorí ìyẹn. Á fa ọsán èyí, á fa ti tọ̀hún, á tẹ́tí, á mọ èyí tó ní kí wọ́n fa òun le àti èyí tó ní kí wọ́n rọra.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa á ti máa sọ pé, "Àbí etí rẹ ló ń tàn ọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Lancaster nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé irú ọ̀rọ̀ yìí jáde. Gìtá mẹ́fà ni oníṣẹ́ ọwọ́ kan bá wọn ṣe, ó sì gbìyànjú kí wọ́n má yàtọ̀ síra àfi ní igi tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú igi náà ni sapele, igi ilẹ̀ Áfíríkà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Sapele wa ní ìpínlẹ̀ Delta. Òmíràn ni rosewood ti Brazil, tó wọ́n bí ojú, tí òfin àgbáyé sì ti dí ọ̀nà òwò rẹ̀ láti 1992. Onígìtá 52 ló ta wọ́n nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀, pẹ̀lú awò àwọn wẹ́dà lójú wọn. Nígbà tí wọn kò rí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, máàkì tí wọ́n fún gìtá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, púpọ̀ wọn kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Igi olówó ńlá kò borí.

Ohun méjì ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní, orúkọ àti owó kò lè sọ ohùn fún wa, ì báà jẹ́ pé wọ́n ní gìtá méjì yàtọ̀, ì báà jẹ́ pé wọ́n ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Èkejì, etí tí ojú bá ń ṣamọ̀nà rẹ̀ lè ṣìnà. Nítorí náà, kò yẹ kí n dá ara mi lẹ́bi, tàbí kí n dá ara mi láre, láì kọ́kọ́ kọjú sí ògiri. Mo máa padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Ó ní níbẹ̀, bí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan bá yàtọ̀ sí ìyókù, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á tún un yọ́. Ìyẹn dára fún bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹni méjì á dúró sídìí ẹ̀rọ kan, wákàtí kan náà, ooru kan náà. Ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ní ìwé, ọ̀kan jẹ́ kásúà. Bó bá di pé kí wọ́n gbé ẹrù, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀kan náà ni yín níbí, ẹ bọ́ síbẹ̀." Bó bá di ìparí oṣù tí kásúà béèrè ìdí tí tirẹ̀ kò fi tó nǹkan, wọ́n á ní, "Ìka ò dọ́gba."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ méjì yìí títí. "Ọ̀kan náà ni wá." "Ìka ò dọ́gba." Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa sí ẹni tó ń sọ wọ́n àti ìgbà tó ń sọ wọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tí ìpín tó dára ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ọ̀kan wà fún ìgbà tí wọ́n bá ń pín ẹrù, ọ̀kan wà fún ìgbà tí wọ́n bá ń pín èrè. Èmi náà, ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, èyí tó máa gbè mí nínú méjèèjì ni mo mú. Mi ò purọ́. Òótọ́ ni mo fi rẹ́ ọ̀rẹ́ mi jẹ.

Ọ̀rọ̀ náà burú ju bí mo ṣe rò lọ. Bí mo bá sọ fún un pé, "Èyí dún ju ìyẹn lọ, èmi ni mo rà á wálé, tèmi ni," inú lè bí i, a lè jà, ó lè ní ká máa pààrọ̀ wọn lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀. Ó kéré tán, á mọ ibi tí àléébù wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti sọ fún un pé wọn ò yàtọ̀, kò sí ibòmíràn tó lè wá àléébù lọ mọ́ àfi ara rẹ̀. Ohun tí irú irọ́ yìí ń ṣe nìyẹn. Bí a bá fún ẹni méjì ní ohun tí kò dọ́gba, tí a wá ní ó dọ́gba, ẹni tí tirẹ̀ kò dára á máa na ara rẹ̀ lẹ́gba.

Nígbà tí mò ń ro èyí, ìtàn Àjàlá alámọ̀ tó ń mọ orí wá sí mi lọ́kàn. Ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń bọ̀ wá sáyé lọ yan orí. Àwọn méjì rí orí tó dára lójú, wọ́n gbé e, wọn ò mọ̀ pé kò jóná dáadáa. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí ṣì. Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà, rí ojú rere Àjàlá, Àjàlá fúnra rẹ̀ ló sì ràn án lọ́wọ́ láti yan èyí tó dára. Àwọn olùkọ́ wa máa ń lo ìtàn yìí láti fi kọ́ wa nípa àyànmọ́, nípa ìrúbọ, nípa gbígbọ́ràn sí àgbà. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀ díẹ̀: nínú ilé tí orí kún dẹ́nu, tí gbogbo wọn ń dán, Àjàlá ló mọ èyí tó sán lára. Kí ni ẹni tó bá mọ̀ jẹ ẹni tí kò mọ̀? Afùwàpẹ́ kò dá orí mọ̀ ju àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Ó kàn rí ẹni tó sọ fún un ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn nínú yàrá mi, èmi ni mo mọ̀. Èmi ni mo ti kan orí méjèèjì wò.

Ní ìsinmi tó kọjá, mo gbé gìtá mi lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí páálí dé orí okùn tí mo pààrọ̀ lóru. Kò sọ̀rọ̀. Ó gbé gìtá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó nu eruku. Ó ní, "Jẹ́ ká wò ó ná." A ra okùn tuntun méjì, irú kan náà, a há wọn. Ó pe àbúrò rẹ̀ obìnrin tí kò mọ gìtá ta, ó ní kó kàn máa fi ọwọ́ gbá okùn, kó máa mú èyí tó bá wù ú láì sọ fún wa. Àwa méjèèjì kọjú sí ògiri bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló gbá a. Ọ̀rẹ́ mi gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Èmi ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Ó yíjú padà. Mo rò pé ó máa bínú nítorí gìtá. Ó ní, "Kì í ṣe gìtá ló ń dùn mí. Ìwọ ṣáà gbọ́ mi nígbà tí mò ń sọ pé ọwọ́ mi ti bàjẹ́. Ọdún méjì. O gbọ́ mi, o dákẹ́."

Mi ò rí èsì fún un. Mo na gìtá tó dára sí i. Mo rò pé ó máa ní kí n máa gbé e lọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú eré orí ìtàgé, kí n lè sunkún kó lè dárí jì mí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbà á, ó gbé e sórí itan rẹ̀, kò ta á. Ó ní òun fẹ́ sùn, pé òun máa lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́.

Gìtá tó ń kùn ló wà lọ́dọ̀ mi nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì báyìí. Mo ti ń mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀. Kò fẹ́ kí ènìyàn lu òun. Bí mo bá rọra fi ìka kàn án, lórí àwọn okùn tó nípọn, ó ní ohùn kan tí èyí àkọ́kọ́ kò ní, ohùn bíi ti àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Kì í ṣe pé ó wá dára tó èkejì o. Kò dára tó o. Mi ò ní í tún irọ́ mìíràn pa nítorí kí ọ̀rọ̀ lè dùn parí. Mo kàn ń sọ ohun tó jẹ́ fún yín ni, bó ṣe yẹ kí n ti sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi láti ọjọ́ yẹn.

Ní àárọ̀ tí mò ń padà bọ̀ sí ọgbà, mo kọjá lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń yí okùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ohùn. Mi ò dúró. Mọ́tò ti ń pè.

Ẹjọ́ tí mo wá dá nìyí. Gìtá tí mo mú ṣeé dá padà, mo sì ti dá a padà. Ọdún méjì tí mo fi dákẹ́ kò ṣeé dá padà fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀yin bá mọ ọ̀nà mìíràn tí ẹjọ́ náà gbà, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa kí á lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín àti ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì yín, tí ẹ ti sọ fún pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣé ẹ ti ta méjèèjì wò?

Ire o.